Ní Pier Head, Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Níbi tí wọ́n ń pè ní Pier Head, létí odò Mersey nílùú Liverpool, ojoojúmọ́ ayé ni òwe yìí ń ṣẹ. Bí àlejò bá ti dé gbàgede náà, òkè ló máa kọ́kọ́ wò. Á gbé fóònù sókè, á ya àwọn ẹyẹ bàbà méjì tó na ìyẹ́ lórí Royal Liver Building, á ya Cunard Building tó wà láàárín, á ya ilé àwọn aláṣẹ èbúté tó ní òrùlé rìbìtì. Á tún bẹ ẹnì kan pé kó bá òun yà á, kí òun náà lè wà nínú rẹ̀. Mi ò bá wọn jà o. Àwọn ilé náà dára, wọ́n sì ga. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ ìlú tó ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Kì í wòkè. Ojú omi ló ń wò, kó lè mọ̀ bóyá fẹ́rì ti ń bọ̀ láti òdìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yá kí wọ́n má baà ti géètì mọ́ ọn.

Ohun tó yẹ ká wò ní Pier Head, ìsàlẹ̀ ló wà. Pèpéle gbọọrọ kan ni, tó léfòó sórí omi, tí èrò ń gbà wọ ọkọ̀, tí wọ́n sì ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tí pèpéle yẹn ṣe ló pa owó tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé tí àlejò ń yà ní fọ́tò. Tó bá sì jẹ́ ti àwa ọmọ Yorùbá ni, kí ọkọ̀ òfuurufú tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Ìlú Ọba. Àwọn mìíràn nínú wọn ò tiẹ̀ rí nǹkan kan ní Liverpool jù ú lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kó máa léfòó? Ẹni tó dàgbà l'Ékòó lè rò pé àṣejù ni. Tiwa, a ó ri òpó mọ́lẹ̀, a ó to pákó lé e, ọkọ̀ á sún mọ́ ọn, ó parí. Ohun tó jẹ́ kó rọ̀ wá lọ́rùn ni pé omi wa kì í lọ sókè sódò púpọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà òkun l'Ékòó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ti Mersey kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Lásìkò òṣùpá àrànmọ́jú, àti nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi odò yìí lè fi mítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ga ju bó ṣe wà ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú lọ. Ilé alájà mẹ́ta nìyẹn. Ẹ wá ro ti ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ ògiri òkúta nígbà tí omi kún. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà nísàlẹ̀ kòtò. Èrò lè fi àkàbà gòkè, ṣùgbọ́n ẹrù ńkọ́? Ẹṣin ńkọ́? Ìyá arúgbó ńkọ́?

Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ dá sí i ni dọ́ọ̀kì. Wọ́n gbẹ́ adágún sétí odò, wọ́n fi ìlẹ̀kùn ńlá sí i. Bí omi bá kún, wọ́n á ṣí i kí ọkọ̀ wọlé, lẹ́yìn náà wọ́n á tì í, omi inú rẹ̀ kò ní lè bá ti odò fà lọ. Liverpool ṣí irú rẹ̀ fún ọkọ̀ òwò ní 1715, kò sì tíì sí ìlú mìíràn láyé tó ní irú rẹ̀ fún ọkọ̀ ajé nígbà náà. Ọgbọ́n yẹn dára fún ọkọ̀ tó fẹ́ já ẹrù fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò wúlò fún ọkọ̀ tó fẹ́ sọdá odò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó padà, kó tún sọdá. Ìyẹn ò lè máa dúró de ìlẹ̀kùn.

Ìsọdá odò yìí sì ti wà tipẹ́ kó tó di pé Liverpool jẹ́ nǹkan kan. Àwọn mọ́ńkì tó wà ní Birkenhead ní òdìkejì ló ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé èèyàn sọdá. Ní 1330 ni Ọba Edward Kẹta fún wọn láṣẹ pé kí wọ́n máa gba owó lórí rẹ̀. Odò yìí kì í ṣe odò jẹ́jẹ́. Ibi tó ti fún jù ló wà níwájú ìlú, nǹkan bíi kìlómítà kan péré ni fífẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo omi tó ń wọlé tó ń jáde gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ìyẹn ló fi ń sáré burúkú. Nígbà tí ọkọ̀ onísítíìmù àkọ́kọ́, Etna, bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá ní 1817, àwọn olówó rí i pé èèyàn lè máa gbé òdìkejì kó sì máa wá ṣiṣẹ́ ní Liverpool lójoojúmọ́. Àfi kí wọ́n wá ibi tí ọkọ̀ yóò máa gúnlẹ̀ sí ní gbogbo wákàtí, ì báà kún, ì báà fà.

Ẹnjiníà William Cubitt ló yanjú rẹ̀. Ní 1847, wọ́n fi pèpéle àkọ́kọ́, George's Stage, sójú omi. Wọ́n to àpótí irin ńláńlá tó ṣófo nínú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n tẹ́ pákó lé wọn lórí, wọ́n fi ṣẹ́ẹ́nì dè é kí odò má baà gbé e lọ. Láti orí ilẹ̀, wọ́n na afárá irin dé orí rẹ̀. Orí kan afárá náà wà lára ògiri, níbi tó ti lè tẹ̀ sókè sódò, orí kejì sì sinmi lórí pèpéle, ó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn bí omi bá ṣe ń lọ. Bí omi bá gòkè, pèpéle á bá a gòkè, afárá á sì tẹ́jú. Bí omi bá fà, gbogbo rẹ̀ á bá a sọ̀ kalẹ̀, afárá á wá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń gbé e. Odò tó dá wàhálà sílẹ̀ náà ló ń gbé e.

Ìkejì, Princes Stage, dé ní 1857. Wọ́n fẹ́ so méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ sì ti fẹ́ẹ̀ tán nígbà tí iná sọ ní oṣù Keje 1874. Pákó tó ti mu epo dúdú tán, iná ò ní kí wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí èèyàn rò pé kò lè jóná láéláé, torí orí omi ló wà, ló jó títí, tí àwọn panápaná ò rí ibi tí wọ́n máa gbà dé abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní 1876 wọ́n ti tún un ṣe, ó ti di ọ̀kan ṣoṣo, gígùn rẹ̀ sì lé ní mítà 700. Kò sí ohun tó léfòó láyé ìgbà náà tó gùn tó o. Láti òpin kan, fẹ́rì ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé. Ní òpin kejì, àwọn ọkọ̀ ńlá ń kó èèyàn lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn ará Ireland tí ebi lé kúrò nílé, àwọn ará Jámánì, àwọn Júù tó ń sá fún ìyà ní Rọ́ṣíà. Láàárín 1830 sí 1930, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án èèyàn ló gba Liverpool ṣí lọ sókè òkun.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí afárá yẹn díẹ̀. Ìgbà tí omi bá fà tán ni mo fẹ́ràn jù. Ògiri òkúta á yọ síta lápá ọ̀tún, òkè rẹ̀ gbẹ, àárín rẹ̀ ní ewéko tútù tó ń yọ̀ bí ilá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Afárá náà á da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó jẹ́ pé ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ á fẹ̀yìn sẹ́yìn, á máa di kẹ̀kẹ́ mú kó má baà sáré jù ú lọ. Ẹni tó gun básíkù á sọ̀ kalẹ̀. Bí fẹ́rì bá ń sún mọ́ tòsí, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan ju ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń fi ipá tì í mọ́ pèpéle. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á yọ síta, á ju ojú okùn sórí òpó irin kúkúrú, kò ní sáré, kò sì ní tàsé. Okùn á fà, á fún, omi á máa kán tótó lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń fún aṣọ. Ibẹ̀ ni pèpéle á ti mì díẹ̀, gbogbo àwọn tó dúró á sún ẹsẹ̀ kan láìmọ̀. Lẹ́yìn náà pátákó ìsọ̀kalẹ̀ á wó lulẹ̀ gbàà.

Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, tí ẹ kọjú sí òdìkejì, Birkenhead lẹ̀ ń wò yẹn. Lápá òsì ni ilé ìkànkọ̀ ìdílé Laird wà, tí wọ́n ṣì ń kan ọkọ̀ níbẹ̀ títí dòní lábẹ́ orúkọ Cammell Laird. Ní tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ nàka sí kó tó nàka sí ẹyẹ kankan. Ní 1832, Macgregor Laird àti àwọn oníṣòwò Liverpool kan fi ọkọ̀ méjì ránṣẹ́ sí Odò Ọya, kí wọ́n lè lọ ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún láìgba ọwọ́ àwọn alárinà etí òkun. Ìdílé Laird ló kan ọ̀kan nínú wọn, Alburkah. Irin ni wọ́n fi kàn án látòkèdélẹ̀, òun sì ni ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ tó rìn lójú agbami òkun. Ibà fojú wọn rí màbo. Nínú òyìnbó 48 tó bá ọkọ̀ wọ̀nyí lọ, mẹ́sàn-án ló padà wálé.

Ọdún 1854 ni wọ́n tún gbìyànjú. Ní Birkenhead náà ni wọ́n ti kan ọkọ̀ tuntun, Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà tó ṣe olórí wọn, Baikie, ń fún gbogbo wọn ní kúnìnì lójoojúmọ́, wọ́n gba Odò Ọya dé Bẹ́núé, wọ́n padà, ẹnì kankan ò kú. Ta ló sì wà nínú ọkọ̀ náà? Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1857 ó tún wà nínú Dayspring, èyí tí àwọn Laird náà kàn, tó wá fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Nígbà tí mo bá rí ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́ ní òdìkejì, Crowther ni mo máa ń rántí, bàbá tó wọ kóòtù dúdú, tó ń kọ ìwé sílẹ̀ nínú ọkọ̀ irin nígbà tí ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń wá kiri? Epo pupa ni. Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ohun tí wọ́n ń wá ṣáájú rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrú àkọ́kọ́ láti Liverpool ṣí ní 1699, nígbà tí òfin sì máa dá òwò náà dúró ní 1807, ìlú yìí ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú òwò ẹrú gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò tó mọ ọ̀nà Bonny àti Calabar dáadáa kò gbàgbé ọ̀nà náà lẹ́yìn 1807. Ọkọ̀ kan náà, èbúté kan náà, ẹrù ló yí padà. Àwọn ilé iṣẹ́ wọn nílò epo láti fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, láti fi pa ara ẹ̀rọ àti táyà irin rélùwéè. Àwọn ìyá wa ń fún epo, wọ́n ń pa èkùrọ́, orí omi ló ń gbà lọ. Ní 1888, William Lever kọ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ rẹ̀, Port Sunlight, sí apá Birkenhead yìí kan náà. Nígbà tó di 1923, ilé iṣẹ́ rẹ̀ dé Nàìjíríà. Ọṣẹ Sunlight tí ìyá àgbà fi ń fọṣọ, epo ilẹ̀ wa ló lọ, ọṣẹ ló bọ̀, a sì san owó rẹ̀.

Lórí gbàgede Pier Head fúnra rẹ̀, ère obìnrin kan wà lórí ọwọ̀n òkúta tí àwọn àlejò máa ń gbé ẹ̀yìn tì kí wọ́n lè ya ilé dáadáa. Sir Alfred Jones ni wọ́n fi ń rántí, wọ́n gbé e síbẹ̀ ní 1913. Ẹ wo ère náà, nítorí kò sí ẹlòmíì tó ń wò ó. Ọkùnrin yìí ló di ọ̀gá pátápátá ní Elder Dempster, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó gba gbogbo òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́wọ́. Òun ló wà lẹ́yìn báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, tí a mọ̀ sí First Bank lónìí. Òun náà ló kó owó sílẹ̀ kí wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ ní Liverpool ní 1898, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kú. Èyí tí wọn ò kọ sára òkúta ni pé òun tún ni aṣojú Ọba Leopold ti Bẹ́ljíọ̀mù nílùú náà, lásìkò tí wọ́n ń gé ọwọ́ èèyàn ní Kóńgò nítorí rọ́bà. E. D. Morel, ẹni tó fi ìwé ìròyìn tú àṣírí ìwà ìkà yẹn fáyé, akọ̀wé lábẹ́ Jones ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé ẹrù ọkọ̀ ló ti rí i: rọ́bà àti eyín erin ló ń bọ̀, ìbọn àti ọta ló ń lọ. Èèyàn kan ṣe rere, ó ṣe búburú, ère kan ṣoṣo ló ní. Mi ò ní kí wọ́n wó o. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá gbé ẹ̀yìn tì í mọ ẹni tí òun gbé ẹ̀yìn tì.

Ọkọ̀ mélì Elder Dempster ló so pèpéle yìí mọ́ agbo ilé wa. Lẹ́yìn ogun Hitler, mẹ́ta ni wọ́n jẹ́, Accra, Apapa, àti Aureol tó funfun báláú, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Wọ́n á kúrò ní Àpápá, wọ́n á dúró ní Takoradi àti Freetown, wọ́n á ya Las Palmas, tó bá tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá, wọ́n á dé Princes Stage. Lẹ́tà, adájọ́, míṣọ́nnárì, àwọn oníṣòwò, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà, àwọn olówó lókè, àwọn yòókù nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Òkè-Àdó, bá ọ̀kan nínú wọn lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣírò owó, kò pẹ́ lẹ́yìn tí Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni. Ìtàn ìdágbére rẹ̀ ni gbogbo wa gbọ́ dàgbà. Lọ́rì méjì ló sìn ín láti Ìbàdàn dé wọ́ọ̀fù Àpápá, ilù ń dún, àwọn obìnrin ilé wọ ẹgbẹ́jọdá, pásítọ̀ gbàdúrà títí ọkọ̀ fi fọn fèrè. Wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò náà ṣì wà. Ṣùgbọ́n kò sí ìtàn kankan nípa ibi tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí mo ti wá ń gbé àgbègbè yìí, mo bi í léèrè.

"Bàbá, báwo ni Liverpool ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ dé?"

"Pákó ni."

"Pákó kẹ̀, Bàbá?"

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ní pákó ni. Pákó ni mo tẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń mì, mo rò pé mi ò tíì kúrò nínú ọkọ̀. Mo bi ẹni tó wà níwájú mi pé ṣé a ti dé, ó ní a ti dé. Òtútù ti mú mi, mi ò tún béèrè nǹkan mìíràn."

Kò purọ́. Ní 1895 ni wọ́n ti kọ́ ibùdó rélùwéè kan, Riverside, sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle gan-an, kí èrò ọkọ̀ ńlá má baà rìn nínú ìlú rárá. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó, á gba iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, á sọdá ọ̀nà tóóró kan, á wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Euston ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá kò rí ẹyẹ bàbà. Kò rí òpópónà kan, kò rí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo gbà pé ìyẹn ló fà á tí orúkọ Liverpool fi wà lẹ́nu gbogbo àgbà ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ bí ìlú náà ṣe rí. Wọ́n mọ Lọ́ńdọ̀nù ní òpópónà sí òpópónà. Liverpool, pákó ni.

Àwọn tó mọ ìlú náà ni àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Wọ́n ń da èédú síná ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń dáná, wọ́n ń fọ abọ́, owó wọn kò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fìdí kalẹ̀ sí àdúgbò Toxteth, wọ́n fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Liverpool gẹ́lẹ́. Kò rọrùn. Ní oṣù Kẹfà 1919, ogunlọ́gọ̀ lé atukọ̀ aláwọ̀ dúdú kan, Charles Wootton, ọmọ Bermuda, láti ilé tó wọ̀ sí títí dé Queen's Dock, wọ́n sọ ọ́ lókùúta nínú omi títí ó fi kú. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́jọ́ rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, ọmọ Èkó kan tó ń jẹ́ Ambrose Campbell fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Liverpool nítorí ìyà, ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó gbé gìtá, ẹgbẹ́ olórin tó dá sílẹ̀ sì jẹ́ kí àwọn òyìnbó mọ adùn ìlù àti gìtá Èkó.

Ti fẹ́rì, mo lè tètè sọ ọ́. Ní oṣù Kẹrin 1918, ìjọba mú méjì nínú wọn, Iris àti Daffodil, lọ jagun ní Zeebrugge, èbúté kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, torí ìdí wọn ò jìn nínú omi. Wọ́n fọ́ yánnayànna, wọ́n sì padà wálé. Ọba George Karùn-ún fi "Royal" kún orúkọ wọn. Nígbà tí ihò rélùwéè ti wà lábẹ́ odò láti 1886, tí ti mọ́tò sì dé ní 1934 àti 1971, iye èrò fẹ́rì ń já ni. Orin kan tí àwọn ọmọ Liverpool kọ nípa ìsọdá yìí ní 1964 ni wọ́n ń lù fún àlejò létí nínú ọkọ̀ báyìí. Ó dùn, àmọ́ bí ẹ bá ń sọdá lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mo kẹ́dùn pẹ̀lú yín.

Ọkọ̀ òfuurufú ló pa ìyókù. Riverside tì ní 1971. Ní 1972, Aureol fi Liverpool sílẹ̀ lọ sí Southampton, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá ní 1974. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi máa dé ìdajì, wọ́n ti wó Princes Stage, gbogbo pákó tí àwọn bàbá wa tẹ̀. Wọ́n fi èyí tó kéré rọ́pò rẹ̀ fún fẹ́rì. Òun náà rì ní oṣù Kẹta 2006, lọ́jọ́ tí omi fà jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ní láti ṣe òmíràn. Láti 2007, àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńláńlá tún ti ń gúnlẹ̀ lápá ibi tí Princes Stage wà. Àwọn èrò inú wọn ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń ya àwòrán ẹyẹ, wọ́n ń padà sínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ní 2021, UNESCO yọ etídò yìí kúrò lára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé tí wọ́n fi í sí láti 2004, wọ́n ní àwọn ilé tuntun ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Èmi ò sunkún. Ilé ni wọ́n ń jà lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìlú yìí dá tí ìlú mìíràn wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mítà 700 rẹ̀ wà lójú omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló wó o láìsí ariwo, kí UNESCO tó dé rárá.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá, ẹ má kàn wá ṣáá. Ẹ wo àtẹ omi Liverpool lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú. Lásìkò yẹn, ọ̀sán ni omi sábà máa ń kún níbí, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń fà tán. Ẹ dé níbi ọ̀sán kí ẹ rí i bí afárá ṣe tẹ́jú, ẹ lọ jẹun, ẹ lọ wo Albert Dock tó wà nítòsí, kí ẹ padà nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí fẹ́rì tó ń lọ sí Seacombe ní òdìkejì odò, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ wọ bàtà tí kò ní yọ̀, kí ẹ sì di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.